Kòkòrò Inú Obì

Òrùlé páànù jáde. Ojú ọ̀run jáde. Ìdajì fìlà bàbá àgbà mi náà jáde. Láti ibi ìdajì fìlà yẹn dé ìsàlẹ̀, funfun báláú ni. Kò sí iwájú orí, kò sí ojú, kò sí ìyá-ìlù tí wọ́n gbé kọ́ èjìká. Mo pa ètò náà dé, mo tún un ṣí. Fìlà yẹn náà ni mo tún rí. Bàbá mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń bá ẹni tó máa bá wa tẹ bánà ìrántí sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo ń gbọ́ ohùn wọn: "Ẹ má ṣèyọnu, fọ́tò wà. Ọwọ́ ọmọ mi ló wà, ó ti kó o sínú kọ̀ǹpútà."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí ìrántí ọdún kẹwàá bàbá àgbà pé.

Ẹdẹ ni à ń gbé, àdúgbò wa kò sì jìnnà sí ààfin Tìmì. Onílù ni bàbá àgbà mi. Fọ́tò kan ṣoṣo ni wọ́n yà tí ìlù wà lọ́wọ́ wọn, fọ́tò dúdú-àti-funfun, láyé Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, ọba tó gorí oyè ní 1946, tí àwọn fúnra wọn sì mọ dùndún lù. Inú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni fọ́tò náà wà títí ikán fi débẹ̀ ṣáájú wa. Oríire tó wà níbẹ̀ ni pé màmá mi ti fi fóònù kékeré wọn yà á kí ikán tó jẹ ẹ́ tán, èmi náà sì ti kó àwọn fọ́tò inú fóònù yẹn sórí kọ̀ǹpútà mi. Kò pẹ́ sí i ni fóònù já bọ́ sínú garawa omi, tí kò sì jí mọ́. Báyìí, gbogbo ayé yìí, ẹ̀dà fọ́tò bàbá àgbà kò ju ẹyọ kan lọ, orí kọ̀ǹpútà mi ló wà, mi ò sì tọ́jú rẹ̀ bí àwọn èèyàn yòókù ṣe ń tọ́jú fọ́tò. Ọ̀nà tí èmi fúnra mi dá sílẹ̀ ni mo fi tọ́jú rẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá mi ló fún mi ní kọ̀ǹpútà alágbèéká náà nígbà tí wọ́n ṣe tán ní Federal Polytechnic tó wà nílùú wa níbí, iléèwé tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1992. Bátìrì rẹ̀ ti kú. Tí iná bá lọ, òun náà lọ nìyẹn. Ìwé kan wà pẹ̀lú rẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, tó ń kọ́ni ní èdè C, ọ̀kan nínú àwọn èdè tí a fi ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Mo wà ní kíláàsì SS1 nígbà náà. Ìgbà tó fi máa di ọlidé gígùn, mo ti lè kọ ètò kéékèèké, ara mi sì ti yá gágá ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ní èmi náà máa dá irú fáìlì àwòrán tèmi sílẹ̀.

Kò le tó bí ẹ ṣe rò. Tí ẹ bá sún mọ́ àwòrán orí kọ̀ǹpútà dáadáa, ẹyọ-ẹyọ ni wọ́n tò ó, bí ìgbà tí èèyàn bá sin ìlẹ̀kẹ̀. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nínú àwòrán dúdú-àti-funfun, 0 ni dúdú kirikiri, 255 ni funfun báláú, gbogbo àwọ̀ eérú sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá ti to nọ́ńbà wọ̀nyí tẹ̀ léra wọn láti òkè dé ilẹ̀, tó sì sọ iye tó wà lórí ìlà kan, ti tọ́jú àwòrán nìyẹn. Mo fi nọ́ńbà mẹ́jọ ṣáájú: mẹ́rin àkọ́kọ́ kọ orúkọ, EDE1, méjì sọ ìbú, méjì sọ gíga. (Ó wù mí kí n kọ Ẹdẹ bó ṣe yẹ, pẹ̀lú àmì nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí "ẹ" nínú nọ́ńbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà pín fún lẹ́tà ní 1963, tí kọ̀ǹpútà ṣì ń tẹ̀ lé dòní. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.)

Àwòrán àkọ́kọ́ tí mo ṣe dorí kodò, torí pé fáìlì BMP tí mo ń kó o jáde látinú rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìlà ìsàlẹ̀. Ìyẹn ò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ láti tún ṣe. Lẹ́yìn rẹ̀ mo ya àwòrán kan bíi pátákó dráfù, dúdú, funfun, dúdú, funfun. Ó wọlé, ó jáde, kò yẹ̀. Mo tún fi fọ́tò àwọsánmà tí mo yà lẹ́yìn ilé wò ó. Òun náà jáde bó ṣe wọlé. Ẹ̀rí wo ni mo tún ń wá? Mo kó fọ́tò ẹbí mẹ́rìnlá wọ inú EDE1, mo sì pa àwọn tàtẹ̀yìnwá rẹ́. Mo ní ta ló ń tọ́jú ẹ̀dà méjì. Ìgbà tí mo padà sọ fún bọ̀ọ̀dá mi, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé ṣé mo mọ̀ pé JPEG tí mo pa rẹ́ kéré gan-an sí fáìlì tèmi. Mi ò mọ̀. Mi ò béèrè.

Bí ojú bàbá àgbà ṣe wá di àwátì nìyẹn.

Ẹ̀sùn ni mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo ní fáírọ́ọ̀sì ni. Mo ní ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan sí ti gbó. Mo ṣí fọ́tò mẹ́tàlá yòókù, mọ́kànlá nínú wọn ló gé lójijì: ìkómọ àbúrò mi gé níbi irun ìyá ìkókó, ìgbéyàwó àǹtí mi gé níbi ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí nǹkan padà nínú ètò mi láìnídìí, bí ẹni tó ń fọwọ́ wá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn. Ètò yẹn máa ń béèrè bóyá kí òun tọ́jú ohun tó wà lójú. Lẹ́tà S lèèyàn máa tẹ̀. Ní òru ọjọ́ kejì, ìka mi ti wà lórí S. Ká ní mo tẹ̀ ẹ́ ni, ìdajì fìlà yẹn ni ì bá gba ipò gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù. Ẹ̀rù bà mí, mo pe bọ̀ọ̀dá mi ní Ìbàdàn, mo sì jẹ́wọ́.

Wọn ò bú mi. Wọ́n ní, "Kọ́kọ́ da fáìlì náà kọ sórí flash. Méjì. Ẹ̀dà ni kó o máa dán nǹkan wò lára rẹ̀, má fọwọ́ kan ojúlówó mọ́. Kòkòrò lo ń wá." Kòkòrò ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Wọn ò sọ ibi tí mo ti máa wá a.

Màmá mi ń ta obì ní ọjà Tìmì, àbàtà àti gbànja, pẹ̀lú orógbó díẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún, wọ́n dé láti ọjà, owó ọjọ́ náà ò bára mu. Àbúrò mi ló dúró ti àtẹ fún wọn lọ́sàn-án. Mo rò pé ariwo ló máa tẹ̀ lé e. Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n da obì sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní márùn-ún márùn-ún.

Mo ní, "Ẹ ò ní bi í ni?"

"Màá bi í. Mi ò tí ì mọ ohun tí màá bi í ni. Jẹ́ kí n mọ iye tó yẹ kó kù, kí n mọ iye tó kù."

Wọ́n ju ọ̀kan tí kòkòrò ti lu sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. "Bọ̀ọ̀dá ẹ ní kòkòrò wà nínú kọ̀ǹpútà ẹ. Ṣé o mọ̀ pé kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé?" Wọn ò mọ ohun tó bàjẹ́ o. Wọ́n kàn ń bá mi ṣeré ni. (Àwìn ni àbúrò mi tà tó gbàgbé láti sọ.)

Mo jókòó síbẹ̀, mò ń wo ọwọ́ wọn lórí ẹní, ó sì yé mi pé mi ò tí ì ka tèmi. Láti ọjọ́ márùn-ún, mi ò tíì bi ara mi pé nọ́ńbà mélòó ló yẹ kó wà nínú fáìlì yẹn. Fọ́tò náà fẹ̀ ní ẹyọ 480, ó ga ní ẹyọ 640. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀: 307,200. Ẹ fi mẹ́jọ tó ṣáájú kún un: 307,208. Mo dìde, mo lọ wo iye tí Windows kọ sí ara fáìlì náà. Mo retí pé kò ní tó ìdajì.

311,019 ló wà níbẹ̀.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fi 3,811 lé sí ohun tó yẹ kó jẹ́. Olè kì í wọlé kó tún fi nǹkan kún ẹrù onílé. Ohun yòówù kó ṣe fáìlì yìí, kò mú nǹkan kan lọ. Bàbá àgbà wà níbẹ̀.

Iná lọ kí n tó lè ṣe ohunkóhun. Mi ò rò pé mo sùn lóru ọjọ́ yẹn.

Ní ọjọ́ kejì, mo kọ ètò kékeré kan tí kò ní í ya àwòrán rárá, tó kàn máa ka nọ́ńbà inú fáìlì sójú fún mi. Òun náà dákẹ́ níbi tí àwòrán ti gé. Ìyẹn sọ fún mi pé ẹ̀bi kì í ṣe ti ibi tí mo ti ń ya àwòrán, ti ibi tí mo ti ń ka fáìlì ni. Tí a bá fẹ́ ṣí fáìlì nínú èdè C, a máa ń fi lẹ́tà kan sọ ohun tí a fẹ́ ṣe: "r" fún kíkà, "w" fún kíkọ. Mo padà sínú ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ya yẹn, sí orí tí mo ti fò kọjá nítorí pé mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Ó wà níbẹ̀, gbólóhùn méjì péré. Lórí Windows, "r" nìkan túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ló wà nínú fáìlì, bíi lẹ́tà tí èèyàn kọ. Tí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀, ẹ fi "b" kún un: "rb", "wb".

Mo fi "b" sí ibi ìkàwé, ètò kékeré náà sì kà á já. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé ibi tó ti máa ń dákẹ́ ni 26. Mo yẹ fáìlì mẹ́ta mìíràn wò. 26 ni ní gbogbo rẹ̀. Mo wádìí rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, ètò kan wà tó ń darí àwọn kọ̀ǹpútà kékeré, CP/M lorúkọ rẹ̀. Kò mọ bí fáìlì ṣe gùn tó gan-an, bí kò ṣe ní ìdì-ìdì, 128 nínú ìdì kan. Nítorí náà wọ́n máa ń fi nọ́ńbà 26 sí ìparí ọ̀rọ̀ kó lè mọ ibi tó ti máa dúró. MS-DOS jogún àṣà yẹn, Windows jogún rẹ̀ lọ́wọ́ MS-DOS, èmi náà wá jogún rẹ̀ ní Ẹdẹ láìmọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ètò mi bá ti pàdé ẹyọ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 26, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí ni.

Mo sáré fi "b" sínú ètò ńlá, mo ṣí fọ́tò náà. Ojú bàbá àgbà jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló bà mí. Gbogbo rẹ̀ ló ti yọ̀ sápá kan. Imú wọn wà lábẹ́ etí, ilà ojú wọn já sọ́nà méjì, ìlù sì ti fà bí aṣọ tí wọ́n fún. Bí ojú ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ni ó ń burú sí i.

Mo ti mọ̀ báyìí pé kíkà ni mo gbọ́dọ̀ kà. Mo tú nọ́ńbà ojú ewé sí ojú ewé. Mo rí 9 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun gbogbo, mo rí 11 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun gbogbo, ṣùgbọ́n 10 kò dá rìn rí. 13 ló máa ń ṣáájú rẹ̀, níbi gbogbo, bí ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń tan iná síwájú ọ̀gá rẹ̀. Mo ní kí ètò náà bá mi ka iye 10 tó wà nínú fáìlì. 3,811 ni.

Ẹni tó bá ti lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ rí máa mọ ohun tó fà á. Tí ìlà kan bá tán lórí ẹ̀rọ yẹn, iṣẹ́ méjì lèèyàn ń ṣe: ó máa dá ẹ̀rọ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, ó sì máa ti ìwé sókè. Nígbà tí wọ́n ń pín nọ́ńbà, wọ́n fún iṣẹ́ àkọ́kọ́ ní 13, wọ́n fún ìkejì ní 10. Èdè C ń lo 10 nìkan fún òpin ìlà, Windows sì fẹ́ méjèèjì. Tí mo bá fi "w" kọ fáìlì, tí ẹyọ kan nínú àwòrán bá ṣèèṣì jẹ́ 10, Windows rò pé ìlà ló parí, ó sì fi 13 síwájú rẹ̀. Ẹyọ kan tí kò sí tẹ́lẹ̀ wọlé, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì sún. Ìgbà 3,811 ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹyọ 480 ló wà lórí ìlà kan, nítorí náà ìgbà tí fáìlì yẹn fi máa parí, ó ku ẹyọ 29 péré kí àwòrán yí po nígbà mẹ́jọ.

Kí ló dé tí dráfù àti àwọsánmà kò fi ṣe bẹ́ẹ̀? Nínú dráfù, 0 àti 255 nìkan ló wà. Nínú àwọsánmà, nọ́ńbà ńláńlá ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ dúdú ni 10 àti 26 ń gbé. Bàbá àgbà mi dúdú, fìlà wọn dúdú, òjìji ìlù wà lára agbádá wọn. Mo ti fi ohun tó mọ́lẹ̀ nìkan dán iṣẹ́ mi wò, ibi tí ìdílé mi ti dúdú gan-an ló sì ti ṣubú.

Bọ̀ọ̀dá mi ní kí n lọ wo bí fáìlì PNG ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó gbé PNG kalẹ̀ ní 1995 fi nọ́ńbà mẹ́jọ ṣáájú gbogbo fáìlì rẹ̀: 137, 80, 78, 71, 13, 10, 26, 10. Lẹ́tà P, N àti G ni 80, 78 àti 71. Àwọn mẹ́rin tó kẹ́yìn ni mo tẹjú mọ́. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n síbẹ̀ ni: tí ẹnikẹ́ni bá ka àwòrán bí ẹni ń ka ọ̀rọ̀, ibẹ̀ ló ti máa bàjẹ́, níwájú pátápátá, kí ó tó kan ojú ẹnì kankan. Inú bí mi díẹ̀, ara sì tún tù mí. Àwọn kan ti ṣubú sínú kòtò yìí kí wọ́n tó bí mi, wọ́n sì fi igi dí ojú rẹ̀. Èmi fi orúkọ ìlú mi síwájú fáìlì tèmi, ó tán.

Ó wá ku títún un ṣe. Tí mo bá yọ 13 kan kúrò níwájú gbogbo 10, ó yẹ kí àwòrán padà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé 13 gidi ti wà níwájú 10 nínú fọ́tò láti ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Ṣé mi ò ní yọ ohun tó jẹ́ ti bàbá àgbà? Mo mú bírò àti ìwé. 13, 10 tó jẹ́ gidi, tí Windows bá fi tirẹ̀ sí i, á di 13, 13, 10. Mo yọ ọ̀kan; ó ku 13, 10. Ohun tí Windows fi sí i nìkan ló ń jáde. Mo tún un ṣe lórí ìwé nígbà mẹ́fà kí ọkàn mi tó balẹ̀. Iná dé ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí. Mo ṣe é lára ẹ̀dà orí flash. Mi ò kọ́kọ́ ṣí àwòrán. Iye fáìlì ni mo kọ́kọ́ wò. 307,208.

Nígbà náà ni mo tó ṣí i. Wọ́n wà níbẹ̀. Fìlà odindi, ilà ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnu tó fẹ́ rẹ́rìn-ín, àti ìyá-ìlù pẹ̀lú ṣaworo rẹ̀ tí èèyàn lè kà.

Bàbá mi jí fún ìrun àsùbáà, wọ́n bá mi níwájú kọ̀ǹpútà, mò ń sunkún. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n wo fọ́tò náà títí. Wọ́n ní, "Nítorí náà, láti ọjọ́ tí mo ti ń sọ fún oníbánà pé fọ́tò wà, bàbá mi ò ní ojú?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní kí n ṣe ẹ̀dà kan fún àwọn, kan fún bọ̀ọ̀dá mi, kí n sì lọ tẹ méjì jáde sórí bébà kí n tó jẹun. Bí mo ṣe ṣe nìyẹn.

Àwọn mẹ́tàlá yòókù náà padà, àmọ́ ọ̀kan wà tí kò padà tán. Nígbà tí màmá mi rí fọ́tò ìkómọ àbúrò mi, wọ́n bi mí pé àwọ̀ léèsì àwọn dà. Nọ́ńbà mẹ́ta ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní nínú fọ́tò aláwọ̀. Mo ti lọ̀ wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Kò sí 13 kankan tí mo lè yọ níbẹ̀. Mo sọ fún wọn pé mo ti sọ ọ́ nù.

Wọ́n ní, "Àwọ̀ osùn ni. Kọ ọ́ síbẹ̀."

Mo ti ń ṣe EDE2 báyìí. "wb" ni mo fi ń kọ ọ́, 13, 10, 26, 10 wà níwájú rẹ̀, mo sì fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn ìbú àti gíga fún ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ síbẹ̀ ni: léèsì màmá mi, àwọ̀ osùn.